Yíyan Kìránkì Aláwo Mẹ́ta fún Kẹ̀kẹ́ Ìrìn-Àjò

Èèyàn lè gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ojúẹlẹ́gba dé Yábàá, kó gba òpópónà Herbert Macaulay já sí Ẹ̀bútè-Mẹ́ta, kó sì padà sí Múṣin láìyí gíà iwájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilẹ̀ Èkó tẹ́jú. Òkè tó ga jù tí ẹ máa pàdé ní gbogbo agbègbè yìí kò ju orí bíríìjì lọ. Nítorí náà, bí ará Súrùlérè kan bá ní òun ń wá kìránkì aláwo mẹ́ta, ìyẹn apá pẹ́dàlì tó ní àwo eléyín mẹ́ta, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ ká bi í ni ibi tó ń lọ.

Bó bá jẹ́ Àgbádárìgì ni, tàbí tó fẹ́ gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Kútọnu, kó má wulẹ̀ dá ara rẹ̀ láàmú. Etí òkun ni gbogbo ọ̀nà yẹn. Àwo méjì ti tó o, kó fi owó tó kù ra táyà gidi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ Abẹ́òkúta ló ní lọ́kàn, tàbí Ìbàdàn lọ́nà òkè Màpó, tàbí ọ̀nà Iléṣà tó gba Ẹ̀fọ̀n-Aláayè wọ Èkìtì, tòun ti àpò aṣọ àti omi lẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ di òmíràn. Orí òkè bẹ́ẹ̀ lèèyàn ti ń mọ rírì àwo kẹta, ìyẹn èyí tó kéré jù, tó wà nínú lọ́hùn-ún.

Àwo kékeré yẹn gan-an ni ẹ ń ra. Àwo ńlá àti ti àárín, kẹ̀kẹ́ wo ni kò ní? Ìbéèrè méjì ló sì yẹ kó wà lẹ́nu yín bí ẹ bá ti gbé kìránkì kan lọ́wọ́: àwo wo ló kéré jù tí eléyìí lè gbà, àti pé ta ló máa tú u fún mi lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́? Ẹwà náà ṣe pàtàkì, èmi ò ní purọ́, kìránkì tó dára lójú máa ń mú kéèyàn fẹ́ nu kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìbéèrè méjèèjì yìí ló ń tò sí.

Ìrísí àtijọ́ tí à ń wí

Kìránkì òde òní sábà máa ń dúdú, á sanra, á sì bo àwo mọ́lẹ̀. Èyí tí à ń wá níbí jẹ́ alumíníọ̀mù funfun tó ń dán, apá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ márùn-ún ló na jáde láti àárín rẹ̀ láti di àwo mú, atẹ́gùn sì ń gba àárín àwo náà kọjá. Ilé-iṣẹ́ Stronglight ní Saint-Étienne, nílẹ̀ Faransé, ló gbé irú rẹ̀ jáde ní 1933, láìní kọ́tà. Irin tí wọ́n fi kọ́tà há mọ́ ọ̀pá ni èyí tí àwọn bàbá wa mọ̀, lára kẹ̀kẹ́ Raleigh tí olùkọ́, akọ̀wé àti àgbẹ̀ olóko kòkó fi ń yan fanda láàárín ìlú.

Ìlú Saint-Étienne yìí náà ni Paul de Vivie gbé, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Vélocio, tó kú ní 1930. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń wàásù fún àwọn arìnrìn-àjò pé kí wọ́n yé fi gíà kan ṣoṣo pa ara wọn lórí òkè. Àwọn asáré kò dá a lóhùn. Ìdíje Tour de France bẹ̀rẹ̀ ní 1903, ṣùgbọ́n di 1937 ni wọ́n tó gba àwọn tó ń díje láyè láti máa lo gíà tó ń ti ṣéènì láti àwo kan bọ́ sórí òmíràn. Ìdí tí mo fi ń mẹ́nu kan èyí ni pé ẹni tó ń gbé ẹrù rìnrìn-àjò ni wọ́n ṣe kìránkì aláwo mẹ́ta fún láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ yín tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré láàárọ̀ Sunday bá fi kìránkì tirẹ̀ hàn yín, ẹ kí i kú oríire, kí ẹ sì máa bá ọ̀nà yín lọ.

Àwa náà ní arìnrìn-àjò tiwa. Ní 1952, Ọlábísí Àjàlá, ẹni tí Ebenezer Obey fi orúkọ rẹ̀ kọrin, gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles, ó lé ní 2,200 máìlì, tòun ti aṣọ ìbílẹ̀ Yorùbá lọ́rùn. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló tó gun Vespa kiri ayé. Ẹni tí irú ìrìn bẹ́ẹ̀ bá ń wù ló yẹ kó jókòó ka ìṣirò tó kàn yìí dáadáa.

Eyín mélòó ló yẹ?

Ẹ mú iye eyín àwo iwájú, ẹ fi iye eyín ti ẹ̀yìn pín in, kí ẹ wá fi 2.15 sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tí ẹ bá rí ni iye mítà tí kẹ̀kẹ́ máa rìn bí pẹ́dàlì bá yí lẹ́ẹ̀kan, nítorí táyà 700C tó fẹ̀ tó mìlímítà 32 máa ń rin nǹkan bíi mítà 2.15 lẹ́ẹ̀kan tó bá yí. Kò sí ìṣirò mìíràn tó le jù èyí lọ nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ká ní fíríwíìlì ẹ̀yìn yín jẹ́ eyín 14 dé 28, kìránkì sì jẹ́ 46, 36 àti 26. Lórí 46 àti 14, ẹ ó rin mítà 7. Bí ẹsẹ̀ yín bá ń yí nígbà 80 ní ìṣẹ́jú kan, kìlómítà 34 ní wákàtí kan nìyẹn. Lórí 36 àti 17, ó di mítà 4.5, nǹkan bíi kìlómítà 22 ní wákàtí kan. Ibẹ̀ ni ẹ máa wà lọ́pọ̀ ìgbà, àti ní Èkó, àti lójú ọ̀nà jíjìn. Lórí 26 àti 28, mítà 2 péré. Bí òkè bá mú yín dé ibi tí ẹsẹ̀ ń yí nígbà 60, ẹ ó máa rin kìlómítà 7 ní wákàtí kan, ẹ kò ní sọ̀kalẹ̀ ti kẹ̀kẹ́, ẹ ó sì lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín sọ̀rọ̀.

Ẹ wá fi wé kìránkì aláwo mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe fún kẹ̀kẹ́ ìsáré, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 52, 42 àti 30. Àwo kékeré rẹ̀ máa fún yín ní mítà 2.3 lórí 28. Ìyàtọ̀ náà lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan nínú ìwé, àmọ́ orúnkún yín máa mọ̀ ọ́n bí ẹ bá gbé ẹrù kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gun Ẹ̀fọ̀n lọ́sàn-án. Àwo 52 rẹ̀ ńkọ́? Lórí 14, yóò fún yín ní kìlómítà 38 ní wákàtí kan. Ta ló fẹ́ sáré tó bẹ́ẹ̀ lórí Western Avenue láàárín dánfó?

Nítorí náà, 46, 36, 26 ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tó bá bi mí. 48, 38, 28 náà dára, ó sì rọrùn láti rí lára kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀. Èyí tó jẹ́ 42, 32, 22 láti ara kẹ̀kẹ́ orí òkè ti àwọn ọdún 1990 rọ ẹsẹ̀ lọ́rùn jù gbogbo wọn lọ. Bí ìrísí kò bá jẹ yín lógún, ẹ mú un kí ẹ sì fò dé apá tó sọ̀rọ̀ nípa férémù.

Ẹ má gbàgbé gíà ẹ̀yìn. Ìyàtọ̀ àárín àwo ńlá àti kékeré iwájú (20 nínú àpẹẹrẹ wa), ẹ rò ó mọ́ ti ẹ̀yìn (14), ó di 34. Gíà ẹ̀yìn tí apá rẹ̀ kúrú kò lè fa ṣéènì tó bẹ́ẹ̀ mọ́ra, ṣéènì á máa rọ̀ nísàlẹ̀. Apá gígùn ni kí ẹ wá. Fún gíà iwájú, ọ̀pá ìyígíà àtijọ́ tí kì í dún kọ́ọ̀ kọ́ọ̀ ló dára jù, nítorí òun kì í béèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe kìránkì.

Ẹ mú rúlà dání

Kì í ṣe gbogbo àwo ló ń wọ gbogbo kìránkì. Ohun tó ń pinnu rẹ̀ ni bí àwọn bóòtù tó di àwo mú ṣe jìnnà síra. Lára kìránkì ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, ẹ fi rúlà wọn ọ̀nà tó wà láàárín bóòtù méjì tó sún mọ́ra, láti àárín ọ̀kan dé àárín èkejì.

Bó bá jẹ́ mìlímítà 64.7, ẹ ti rí èyí tí à ń wá. 110 ni wọ́n ń pè é, ìyẹn iye mìlímítà tí òbìrí tí bóòtù márààrún tò sí fẹ̀ tó, àwo tó lè gbà fún ti àárín bẹ̀rẹ̀ láti 34. Ẹ wá yí i padà, kí ẹ wo ihò bóòtù ti àwo inú: mìlímítà 43.5 ni wọ́n fi jìnnà síra, ìyẹn 74, àwo tó kéré dé eyín 24 sì lè wọ ibẹ̀. Bí ti ìta bá jẹ́ 76.4, 130 nìyẹn, ti kẹ̀kẹ́ ìsáré. Àwo àárín rẹ̀ kò lè kéré ju 38 lọ, ṣùgbọ́n bí ihò inú bá jẹ́ 74, a ṣì lè fi àwo 26 tàbí 24 sí i, kó sì ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Bí ẹ kò bá rí ihò kankan nínú, aláwo méjì ni, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, ohun yòówù kó wí.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe so àwo mọ́ra. Kìránkì olówó pọ́ọ́kú máa ń lo rífẹ́ẹ̀tì dípò bóòtù, tàbí kí wọ́n lẹ àwo irin mọ́ apá rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí eyín kan bá jẹ, gbogbo rẹ̀ di ti ìdọ̀tí. Mi ò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi irú rẹ̀ kúrò nílé.

Àwọn tó lẹ́wà jù lọ máa ń ṣòroó bọ́. Stronglight 99 dára lójú, àwo tó kéré jù lórí rẹ̀ sì jẹ́ 28, àmọ́ 86 ni ihò bóòtù rẹ̀, ẹ kò sì ní rí àwo rẹ̀ he ní gbogbo Èkó. TA ti Faransé, èyí tí wọ́n ń pè ní Cyclotouriste, lọ sísàlẹ̀ dé 26, kò sì fẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Òun ló wù mí jù tó bá jẹ́ ojú nìkan là ń wò. Ṣùgbọ́n ìlànà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Bí ẹnìkan bá fún yín lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àwo mẹ́ta mìíràn nínú ike, ẹ gbà á. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, Sugino ilẹ̀ Jàpáànù, tó jẹ́ 110 àti 74, rí bíi rẹ̀ tó láti jẹ́ kí ojú yín sinmi.

Férémù yín ńkọ́?

Ibí ni owó ti máa ń ṣòfò jù. Ihò ńlá tó wà nísàlẹ̀ férémù, tí ọ̀pá kìránkì gba inú rẹ̀ kọjá, ní tíréèdì, tíréèdì náà sì ní orílẹ̀-èdè. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ti Gẹ̀ẹ́sì: ihò náà fẹ̀ ní mìlímítà 68 láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, tíréèdì 24 ló wà nínú íǹṣì kan, kọ́ọ̀pù ọ̀tún tó gbé bọ́ọ̀lù irin dání sì ń tú sí apá tí ọwọ́ aago ń yí sí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ mẹkáníìkì, ẹ ṣàkíyèsí èyí o. Ọ̀pọ̀ férémù ló ti bàjẹ́ nítorí ẹni tó ń fi gbogbo agbára fún ohun tó rò pé òun ń tú.

Raleigh àtijọ́ tí bàbá àgbà fi sílẹ̀ lẹ́yìn ilé kò tẹ̀ lé ìlànà yìí. Tíréèdì 26 ni tirẹ̀, ihò rẹ̀ sì sábà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 71 tàbí 76. Kọ́ọ̀pù tuntun kò ní wọ ibẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi tipátipá kì í bọ̀ ọ́. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí ẹ tọ́jú kọ́ọ̀pù àkọ́kọ́, kí ẹ wá ọ̀pá olórígun mẹ́rin tí ibi tí bọ́ọ̀lù jókòó sí lára rẹ̀ bá ti ògbólógbòó ọ̀pá náà mu. Bọ́ọ̀lù irin oníwọ̀n 1/4 íǹṣì, mọ́kànlá lápá kọ̀ọ̀kan, gíríìsì tuntun, ó parí.

Férémù tó bá gba Kútọnu wọlé, Peugeot tàbí Motobécane ti ìgbà àtijọ́, lè ní tíréèdì Faransé: mìlímítà 35, apá méjèèjì sì ń tú sí ọ̀nà kan náà. Pẹ́dàlì wọn náà, mìlímítà 14 ni, kò bá 9/16 íǹṣì tí gbogbo ayé ń lò mu. Bí pẹ́dàlì tuntun bá kọ̀ láti wọ kìránkì Faransé lẹ́yìn ìyípo kan, ẹ dúró.

Ọjà

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù lè ní kó bá òun ra Sugino XD tuntun wálé, páálí náà kò tóbi. Àwa yòókù, kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni ìrètí wa, ẹ sì mọ àwọn tó ń tò wọ́n sẹ́bàá títì. Ẹ má wo kẹ̀kẹ́ tuntun tó ń dán. Kẹ̀kẹ́ orí òkè onírin tó ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ, tí eruku bò, tí ìjókòó rẹ̀ ti ya, ni kí ẹ tẹjú mọ́. Láàárín ọdún 1985 sí 1991, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló gbé 48, 38, 28 wá lórí 110 àti 74. Ẹ fi àkísà nu ẹ̀yìn apá kìránkì: bí ẹ bá rí Sugino, SR tàbí Shimano, àti 170 tó jẹ́ gígùn rẹ̀ ní mìlímítà, ẹ máa rẹ́rìn-ín nínú, kí ojú yín le. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú lè wá 165. Àwọn Shimano kan nígbà náà ní àwo tí kò rí roboto, tí wọ́n ń pè ní Biopace. Bí wọ́n ṣe ṣe é láti 1983 nìyẹn, kò tẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá rò pé ó tẹ̀, ẹ má sọ fún un kí ẹ tó dúnàá dúrà tán.

Ẹ jẹ́ kó tú u lójú yín kí owó tó jáde. Ibi ihò pẹ́dàlì ni alumíníọ̀mù ti máa ń là, àti ibi tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti yọ lára apá ọ̀tún. Ẹ fi èékánná lọ ibẹ̀, ìlà tó bá ń há èékánná kì í ṣe ìdọ̀tí. Ẹ wo ihò olórígun mẹ́rin tó wà lápá òsì. Ẹni tó ti gùn ún nígbà tí bóòtù rẹ̀ tú máa ń jẹ́ kí igun ihò náà di róbótó, kò sì sí ohun tó ń wo irú rẹ̀ sàn. Àwo tí eyín rẹ̀ ti ṣe ṣóńṣó ni a lè pààrọ̀, ẹ fi ìyẹn já owó sílẹ̀.

Púlà ló ń yọ kìránkì, òòlù kọ́. Bí mẹkáníìkì bá ti na ọwọ́ sí òòlù, ẹ tètè fi ọ̀wọ̀ sọ fún un: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wá púlà." Púlà mìlímítà 22 ló wọ́pọ̀, ti TA jẹ́ 23, ti Stronglight àtijọ́ jẹ́ 23.35, èyí tó kéré sì lè wọlé díẹ̀ kó wá fa gbogbo tíréèdì jáde lọ́wọ́ kan. Ìdí mìíràn rèé tí mo fi ń ti yín sọ́dọ̀ àwọn ará Jàpáànù. Ọjà Ládìpọ̀ ní Múṣin, nǹkan ọkọ̀ ni tiwọn, ẹ má retí kìránkì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gíríìsì, bọ́ọ̀lù irin àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kò lè wọ́n yín níbẹ̀.

Ẹ bẹ ẹni tó ń ta kìránkì náà kí ó fi ọ̀pá àárín mọ́ kìránkì fún yín, kódà bí ọ̀pá náà bá ti jẹ. Gígùn rẹ̀ ni ẹ fẹ́ mọ̀. Ti aláwo mẹ́ta lè jẹ́ láti 110 dé 127, ẹ kò sì lè fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Ìlànà igun rẹ̀ pàápàá pé méjì, ti Jàpáànù àti ti àwọn Ítálì: bí ẹ bá fi kìránkì Jàpáànù sórí ọ̀pá ti Ítálì, ó máa wọlé ju bó ṣe yẹ lọ ní nǹkan bíi mìlímítà 4 ààbọ̀, àwo kékeré á sì máa ha férémù.

Nígbà tí ẹ bá ń dè é

Kí àwo àárín jìnnà sí àárín férémù, níbi tí ọ̀pá ìjókòó ti wọlé, ní nǹkan bíi mìlímítà 45. Bó bá tó 47 tàbí 48 nítorí táyà gbooro, ó ṣì dára. Kí àlàfo mìlímítà 2 ó kéré tán wà láàárín eyín àwo kékeré àti férémù, nítorí férémù máa ń mì bí ẹ bá ń fi agbára gun òkè.

Ẹ fi gíríìsì sí tíréèdì pẹ́dàlì àti ti bóòtù. Òjò oṣù kẹfà ní Èkó àti afẹ́fẹ́ iyọ̀ láti ọ̀sà máa ń jẹ́ kí irin àti alumíníọ̀mù dì mọ́ra, títí yóò fi di pé ẹ̀rọ wẹ́dà nìkan ló lè yà wọ́n. Pẹ́dàlì òsì ń tú sí apá tí ọwọ́ aago ń yí sí, ẹ má fi ìyẹn ṣeré. Bí ojú kìránkì bá ti ṣí, Brasso àti àkísà àtijọ́ yóò mú un tàn. Bí awọ dídán àkọ́kọ́ bá ṣì wà lára rẹ̀, ọṣẹ àti omi ti tó, ẹ má bó o.

Bóòtù àárín nílò agbára púpọ̀, 35 dé 40 ní ìwọ̀n Nm fún ẹni tó bá ní sípánà tó ń ka agbára. Ẹni tí kò ní in, kó mú sípánà tó gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, kó sì fi ìwúwo ara tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú sùúrù, láìfò lé e. Ẹ gun kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Yábàá kí ẹ sì padà, lẹ́yìn náà ẹ tún un dì. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìrìn gígùn àkọ́kọ́. Bí ẹ bá ń lọ sí Abẹ́òkúta, ẹ má gbàgbé sọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá orí bóòtù yín mu sínú àpò: 14 fún ọ̀pọ̀ kìránkì Jàpáànù àtijọ́, 16 fún Stronglight, alẹ́ńkì 8 fún ti ìsinsìnyí.